A Ò Sọ Pé Bẹ́ẹ̀ Ni, A Ò Sọ Pé Bẹ́ẹ̀ Kọ́

Ọdún mélòó kan ni mo lò ní Berlin kí Màámi tó mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ aládùúgbò wa tó wà ní London ń tọ́jú arúgbó, ìyẹn yé wọn. Ẹni tó wà ní Kánádà ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ìyẹn náà yé wọn. Tí wọ́n bá bi èmi léèrè, mo máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ni mò ń sọ. Wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ kí ni wọ́n ń sanwó fún?"

Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù átọ́míìkì ni. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ìjọba Jámánì máa ń gbé iṣẹ́ fún ló gbà mí. Tí àwọn oníròyìn bá ti Éṣíà tàbí Áfíríkà tàbí Gúúsù Amẹ́ríkà wá, èmi ni mo máa ń dúró níwájú wọn, tí màá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohun tí ìjọba yìí ń ṣe àti ohun tí kò ní ṣe nípa ohun ìjà átọ́míìkì. Rédíò ni mo ti ń ka ìròyìn n'Íbàdàn kí n tó wá kàwé sí i níbí. Wọ́n ní ohùn mi tutù, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ohùn tútù.

Mo fara balẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Màámi lórí fóònù. Mo ní Jámánì ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní ní bọ́ǹbù yìí láéláé. Wọ́n ní ìyẹn dáa. Mo ní ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní in, gbogbo ayé ló sì gbà pé díẹ̀ nínú rẹ̀ wà ní ìpamọ́ níbì kan ní ìwọ̀ oòrùn Jámánì. Tí ogun bá dé, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ni yóò gbé e, ọmọ Jámánì ni yóò wà á, àmọ́ ó di ìgbà tí Ààrẹ Amẹ́ríkà bá pàṣẹ. Tí ẹnikẹ́ni bá wá bi wá pé ṣé lóòótọ́ ló wà níbẹ̀, a ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, a ò sì ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màámi ní Ìkìrun títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn kì í gba ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá tíì fi ẹnu ara wọn tún sọ.

"Ó yé mi," wọ́n ní. "Ajá ọ̀rẹ́ ẹni ló ń sùn nínú ọgbà ẹni. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ ṣéènì wà. Ẹni wá kọ 'Ẹ ṣọ́ra, ajá ń bẹ' sára géètì. Tí olè bá wá béèrè pé ṣé ajá wà nínú ilé yìí lóòótọ́, ẹni á ní kó wọlé wá wò ó."

Mo rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò mi fi lu ògiri.

Marzahn ní Berlin ni mò ń gbé, láàárín àwọn ilé gíga tí ìjọba Ìlà Oòrùn Jámánì àtijọ́ kọ́, tí gbogbo wọn jọra débi pé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ń fi kọ́kọ́rọ́ mi dán ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn wò. Owó ilé ò wọ́n níbẹ̀, tram sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe òtútù. Èèyàn máa ń múra de òtútù. Ìkíni ni. Mo ń wọ lífítì láàárọ̀, mo ń kí àgbàlagbà tí mo bá níbẹ̀, orúnkún mi á sì tẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí kò tíì mọ̀ pé a ti kúrò nílé. Bàbá kan wo orúnkún mi, ó béèrè bóyá ó ń dùn mí, pé òun mọ dókítà tó dáa. Àwọn yòókù ń wo nọ́ńbà tó ń yí lókè ilẹ̀kùn. Mo ń kí wọn náà ni, agídí ni mo fi ń ṣe é. Nígbà tó yá, ìyá arúgbó kan tó ń gbé lọ́ọ̀ọ́kán mi dá mi lóhùn, ó tún bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Mo pe Káyọ̀dé ní Hamburg ní kíákíá láti ròyìn rẹ̀, bí ẹni tó yege ìdánwò.

Káyọ̀dé ni àbúrò mi. Àwa méjì péré ni Màámi bí. Nọ́ọ̀sì ni, ó dé lẹ́yìn mi, ó gba yàrá kan àti pálọ̀ sí Billstedt, ó sì gbọ́ èdè Jámánì jù mí lọ kíákíá, nítorí aláìsàn kì í dúró de ẹni tó ń wá gírámà. Yẹ̀yẹ́ ló máa ń fi iṣẹ́ mi ṣe. Tó bá pè mí, á kọ́kọ́ fi ohùn oníròyìn béèrè pé, "Àǹtí mi, agbẹnusọ bọ́ǹbù, ṣé ayé ṣì wà lónìí?" Màá ní mi ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. A ó wá sọ̀rọ̀ gidi: ẹni tó rí ẹ̀gẹ́ tó dáa rà, ẹni tí Màámi bínú sí, ìgbà tí a ó jọ lọ sílé.

Ẹnu iṣẹ́ ni Káyọ̀dé ti ṣubú. Àárín àwọn dókítà ló wà, níbi tó yẹ kí èèyàn ti rí ìrànlọ́wọ́ jù, wọ́n sì sapá. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Mo ti sọ gbólóhùn yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí, ó ti wá dà bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lẹ́nu mi.

Màmá Wilhelmsburg ló pè mí lọ́jọ́ náà. Ìyá ìjọ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí Káyọ̀dé ń lọ, ní erékùṣù tó wà láàárín odò Elbe níbẹ̀, àdúgbò wọn náà ni gbogbo èèyàn fi ń pè wọ́n.

"Ọmọ mi, wọ train wá sí Hamburg," wọ́n ní. "Now now. Má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí fóònù, please."

Mo ti mọ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ̀? Mo wọ ọkọ̀ ojú irin. Mo jẹ búrẹ́dì tí mo gbé dání, mo ka ìwé iṣẹ́ tí mo fẹ́ kà, mo rántí láti pa fóònù mi lẹ́nu mọ́ nítorí àwọn tó ń sùn. Ẹni tó bá rí mi á rò pé ìpàdé ni mò ń lọ. Nígbà tí mo dé, tí mo rí i pé wọ́n ti pé jọ sí pálọ̀ Màmá Wilhelmsburg, tí pásítọ̀ sì dìde dúró, mo ní kí wọ́n jókòó, mo ti gbọ́.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e, iṣẹ́ ni mo fi ṣe. Mo lọ sí Standesamt, ọ́fíìsì ìjọba tó ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀, láti gba Sterbeurkunde, ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé èèyàn ti kú. Mo tọwọ́ bọ oríṣiríṣi nǹkan. Hamburg la sin ín sí. Bàbá Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n Màámi tó jẹ́ olórí ẹbí wa, ló ní wọn kì í gbé òkú ọ̀dọ́ wá síwájú ìyá tó bí i. Gbogbo ìjọ ló sunkún níbi sàréè. Èmi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé mo láyà. Ẹkún náà ni kò wá. Ara mi kú láti inú wá, mo sì ń rìn káàkiri nínú rẹ̀.

Nígbà yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Màámi. Ìpẹ́ ti bo ojú méjèèjì, ó ti pẹ́ tí wọn ò ti lè ka Bíbélì. Bàbá Ìbàdàn pè mí ní alẹ́ ìsìnkú.

"Dókítà ní kò gbọdọ̀ sunkún títí ojú náà á fi san," wọ́n ní. "Nítorí náà, a ò ní sọ fún un. Tó bá béèrè Káyọ̀dé, darí ọ̀rọ̀ síbòmíràn. Ṣé o gbọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mi ò lè sọ fún wọn pé ó ń bẹ."

"Ta ló ní kí o sọ pé ó ń bẹ? Má sọ pé ó ń bẹ. Má sọ pé kò sí mọ́."

Níbi iṣẹ́ wa, orúkọ wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀: Sprachregelung. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ti fọwọ́ sí ni, tí gbogbo ẹnu yóò máa sọ bákan náà, kí ẹnìkan má baà lọ dá tirẹ̀ sọ. Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Tí àwọn àlejò bá bi mí pé kí ló dé tí ìjọba ò kàn sọ ọ́, mo ní ìdáhùn. Àdéhùn wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ ń gbèjà ara wọn. Iyèméjì sì máa ń da ọ̀tá láàmú ju òótọ́ lọ. Ohun tí mi kì í sọ ni èyí tí mo rò pé ó jẹ́ ìdí gan-an. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kí ẹnikẹ́ni má ṣe nǹkan kan sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá là á sọ, ẹnìkan ní láti dìde. Àwa Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n á ní bàbá ń sinmi, wọ́n á ní ara rẹ̀ ò yá díẹ̀, títí àwọn tí yóò di olóòkú mú yóò fi pé jọ. Nílé, èèyàn pọ̀ tó lè dini mú. Ohun tí mi ò rò ni pé ta ni yóò pé jọ fún èèyàn ní Marzahn.

Ọjọ́ Àìkú ni Màámi máa ń pè, lẹ́yìn ìsìn. Ojú wọn ń mọ́lẹ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fídíò ni wọ́n sì ń fẹ́, kí wọ́n lè lo ojú náà dáadáa.

"O ti rù," wọ́n ní. "Àṣé báyìí lo ṣe rù tó! Àbúrò rẹ ńkọ́?"

"Màámi, ṣé ẹ ti lo oògùn ojú yín?"

"Mo lò ó. Àbúrò rẹ ńkọ́? Fóònù rẹ̀ ò lọ."

"Ẹ rántí pé mi ò sí ní Hamburg. Ta ló ń bá yín kán oògùn náà?"

Wọ́n á sọ orúkọ ọmọ tó ń bá wọn kán an, a ó sì kọjá síbẹ̀. Mo máa ń wo ojú ara mi ní igun ìsàlẹ̀ fóònù tí mo bá ń ṣe èyí. Kò yàtọ̀ sí ojú tí mo máa ń gbé sójú ní ibi iṣẹ́, mo sì kórìíra rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan dé tí wọn ò béèrè. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó di òmíràn tí wọn ò tún béèrè, ẹ̀rù bà mí. Àgbàdo tí wọ́n gbìn, òjò tí kò rọ̀, ìyàwó pásítọ̀ tó bímọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sọ, wọn ò dárúkọ ọmọ wọn. Mo pe Bàbá Ìbàdàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹnìkan ti sọ fún Màámi ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Mo kàn ń béèrè ni, sà."

"Máa ṣe iṣẹ́ rẹ. Jẹ́ kí ojú san."

Èmi tí mo ń fi irú ìdáhùn yẹn jẹun, mi ò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo kàn rò pé orí ń fọ́ wọn ni.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Hamburg. Ẹgbẹ́ oníròyìn kan fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, yàrá tí wọ́n fún wa kọjú sí èbúté, a ń rí àwọn kírénì tó ń gbé àpótí irin. Ó bọ́ sí ọjọ́ tó ṣáájú Wohnungsübergabe, ìyẹn ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ dá ilé Káyọ̀dé padà fún onílé. Mo pinnu pé mo máa sọ̀rọ̀ láàárọ̀, màá lọ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án.

Mo sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Obìnrin kan tó wá láti Kazakhstan nawọ́. Orí ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti dán bọ́ǹbù yìí wò fún ìgbà pípẹ́, nígbà ayé ìyá rẹ̀ àgbà.

"Ṣé àwọn tó ń gbé nítòsí ibi tí ẹ̀ ń sọ yìí mọ̀?" ó béèrè.

"Wọ́n ní èrò tiwọn," ni mo sọ.

"Àwọn ọ̀tá ńkọ́?"

"A gbà pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n nílò láti mọ̀."

"Ta lẹ wá ń fi í pamọ́ fún?"

Mo fún un ní ìdáhùn tó wà nílẹ̀, ti àdéhùn àti ti iyèméjì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ní, "Ní abúlé ìyá mi àgbà, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún wọn. Wọ́n mọ̀ ṣáá. Wọ́n ń rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe fún wọn ni pé wọn ò lè tu ara wọn nínú."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo béèrè bóyá ìbéèrè mìíràn wà. Ọkùnrin kan fẹ́ mọ iye ọdún tí ọkọ̀ òfuurufú ológun máa ń lò kó tó gbó, mo sì dá a lóhùn.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin U2 lọ sí Billstedt. Màmá Wilhelmsburg ti ṣáájú mi débẹ̀ pẹ̀lú àpò ike ńlá ńlá. Wọ́n ní kíṣìnnì ni àwọn máa ṣe, kí n ṣe yàrá. Mo ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Bàtà rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn, ọ̀kan dojú bolẹ̀. Gàárì ṣẹ́ kù nínú ike, ó ti pa á dé dáadáa kí atẹ́gùn má baà wọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, mi ò ní ìmọ̀lára kankan. Mo tiẹ̀ ń rò ó pé bóyá nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú mi tí kò ní ṣeé tún ṣe.

Fóònù dún. Màámi ni, lórí fídíò, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe Àìkú. Mo gbé e kí n tó rántí ibi tí mo dúró sí.

Wọn ò kí mi. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn mi.

"Kọ́tìnnì yẹn," wọ́n ní. "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi rán an fún un kó tó kúrò nílé."

Mo yí fóònù kúrò níbi fèrèsé.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?" Màámi béèrè.

"Màmá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Màámi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Má ṣàlàyé nǹkan kan. Pè wọ́n wá."

Màmá Wilhelmsburg wọlé, wọ́n ń nu ọwọ́ nù. "Ẹ káàsán, mà. Ojú ńkọ́?" wọ́n ní, bí èèyàn ṣe ń kí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lánàá. "Everything ti ready. Mo ti wà níbí tipẹ́."

Mo ń wo ẹnu wọn. Ìgbà wo làwọn méjèèjì mọra?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì í," Màámi sọ. "Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ṣé ẹ ti dì í mú?"

"Mo ti dì í mú, mà."

"Ọmọ mi, Káyọ̀dé ti kú. Mo ti mọ̀."

Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

"Kí wọ́n tó ṣí báńdéèjì ojú mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi, wọ́n jókòó ti oúnjẹ, wọn ò jẹ ẹ́. Èmi tí mi ò ríran, mo gbọ́ pé wọn ò jẹun. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì sọ ọ́."

"Ẹ wá ń bi mí pé àbúrò mi ńkọ́?"

"Tí mo bá dáwọ́ dúró, wàá mọ̀ pé mo ti gbọ́. Mo béèrè títí ẹnu mi fi kọ̀ ọ́." Wọ́n gbé ojú kúrò lórí fóònù díẹ̀, wọ́n sì dá a padà. "Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè pé ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Berlin. Wọ́n ní kò sí. Mo ní kò gbọdọ̀ gbọ́ pé mo ti gbọ́. Nítorí tèmi lo ṣe ń di ẹkún mọ́ra. Tó bá tú nínú ilé tí ìwọ nìkan wà, ta ni yóò gbá ọ mú? Mo wá nọ́ńbà màmá yìí títí mo fi rí i. Ọjọ́ tí o máa wà lọ́dọ̀ wọn ni mò ń dúró dè."

"Màámi, ojú yín," ni mo sọ. "Ẹ má sunkún, ojú yín."

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran," wọ́n ní. "Èmi ti sun tèmi. Ó ku tìrẹ."

Inú ni ẹkún náà ti wá, láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó sì dùn mí bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń padà sí ẹsẹ̀ tó ti kú. Mo ké orúkọ àbúrò mi. Mi ò tíì pe orúkọ náà sókè láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo ké e títí aládùúgbò ìsàlẹ̀ fi jáde sí àtẹ̀gùn. Màmá Wilhelmsburg gbá mi mọ́ra, wọ́n ń gbọ̀n mí díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ lù mí lẹ́yìn, wọ́n sì ń sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ. Wọ́n ní ó tó, ọmọ mi, ó tó bẹ́ẹ̀, má sunkún mọ́.

"Kò tíì tó," Màámi sọ láti inú fóònù. "Ẹ fi í sílẹ̀ kó sun ún."